Ọkọ Mi Mọ́kànlá

Ẹni tó bá rí kọ̀ǹpútà tí mo lò fún ọdún mẹ́tàlá yóò rò pé inú ilé tó jóná ni mo ti yọ ọ́. Bọ́tìnnì mẹ́rin ti yọ lójú rẹ̀, okùn rọ́bà ni mo fi dè é nídìí, bí mo bá sì tàn án láàárọ̀ ní Pobè níbí, mo lè lọ sọ́jà, kí n ra ẹja, kí n bá ẹlẹ́ja jà, kí n sì padà wálé kí ó tó jí tán. Ṣùgbọ́n n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bú u lójú mi. Ìwé títẹ̀ ni mo fi jẹun ní ọ́fíìsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tí mo bá ti fọwọ́ ara mi tọ́jú, n kò ní fi í sílẹ̀ kí ọmọ àná máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé Kútọ̀nù ló gbé tuntun dé lọ́jọ́ kan. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ yẹn sinmi." Mo dúpẹ́, mo súre fún un. Nígbà tó lọ tán ni mo jókòó síwájú àwọn méjèèjì bí ìyáálé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó lé lórí. Tuntun náà rẹwà, kò wúwo, ó tàn kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnì kankan. Gbogbo ènìyàn tí mo mọ̀ láyé wà nínú èyí àtijọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹbí ọkọ mi. Sakété ni ilé wọn, láti ìgbà tí mo sì ti wọ ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìwé ti di tèmi. Wọ́n ṣèpàdé, èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n bímọ, èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókèèrè. Fóònù a máa bọ́ sómi, wọn a jí i gbé, nọ́ńbà a máa yí padà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì kì í lọ síbì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ti gbogbo wọn jọ, tí mo sì ń tọ́jú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Towé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n kọ́ wa pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìwọ bá wọlé lónìí, ọkọ rẹ ni. Ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ọkọ rẹ ni. O lè fún un ní orúkọ ìkẹ́ tìrẹ, èyí tó bá ìrísí rẹ̀ mu, àmọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá ní kí n kọ orúkọ, kí ni kí n kọ? Mo wẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ìyá ọkọ mi dúró síbẹ̀. Mo kọ "Ọkọ mi". Ó kan ẹnì kejì, mo kọ "Ọkọ mi". Mọ́kànlá ni wọ́n, tí mo bá ka ọkùnrin tó gbé mi níyàwó gan-an mọ́ wọn, "Ọkọ mi" ni mo sì kọ nígbà mọ́kànlá. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí ènìyàn lè kọ àlàyé sí. Ibẹ̀ ni mo kọ orúkọ ìkẹ́ wọn sí: Ọkọ Àgbà, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi mọ ẹni tó ń jẹ́ ta ni. Ta ló tún kù tó yẹ kó mọ̀ ọ́n?

Ìyá ọkọ mi ló tọ́ àwọn mọ́kànlá náà. Ó bí méje. Nígbà tí orogún rẹ̀ kú, ó gba mẹ́rin mọ́ra, kò sì sí àlejò tó lè tọ́ka sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Adúmáadán ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo wọlé, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n lọ sódò, síbẹ̀ "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, tí yóò máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Àárín Adúmáadán àti ilé dàrú lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú. Mùsùlùmí ni wá nílé yẹn, ṣùgbọ́n òun ti wọ ìjọ aláṣọ funfun, èyí tó ti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, bẹ̀rẹ̀. Ó kó àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá láti gbàdúrà fún bàbá rẹ̀. Ọkọ Àgbà, Aláàjì tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ wọn síta. Ìta ni Adúmáadán dúró sí títí wọ́n fi sin bàbá tán. Ó yí padà, ó gba Parakou lọ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní tuntun. Ó di ọdún kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀ mọ́.

Àfi ìyá. Ojú rẹ̀ ti fọ́, láti ìgbà òjò tó kọjá ni kò sì ti dìde lórí ẹní láìjẹ́ pé a dì í mú. Dókítà ti sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwa méjì nìkan wà, mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ọmọ mi yìí kí n tó lọ." Kò dárúkọ. Mo mọ ẹni tó ń wí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jókòó sí mi láyà, tí mo bá jẹun kì í lọ.

Mo ti kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀méjì ní bòókẹ́lẹ́, láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Ó dá àkọ́kọ́ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ẹ kí ìyá." Kò dá èkejì lóhùn. Bí àdírẹ́sì yẹn bá sọnù lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kàn án. Ẹ̀ ń rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Torí náà n kò dá a ṣe. Obìnrin kan wà létí oríta ní Pobè tó ń ṣe fọ́tòkópì, ará Àjàṣẹ́, Gun ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn kan tí mo mọ̀ lọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sórí zẹ̀mijàn, alùpùpù akérò wa, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní itan mi, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tan ti àtijọ́, ó wo ohun tó wà níbẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wò mí.

"Tantí, ọkọ mélòó lẹ ní?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹyọ kan tí mo ní, mi ò tíì rí àyè sùn."

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí ẹ̀rọ àtijọ́ kó gbogbo àdírẹ́sì sínú fáìlì kan ṣoṣo, ó gbé fáìlì náà sórí kílé, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà létí, ó kì í bọ tuntun, ó sì pàṣẹ fún ètò tí tuntun fi ń gba ímeèlì pé kó máa gbé wọn wọlé. Háà! Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi kọ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ mi, nígbà mìíràn pẹ̀lú omijé. Wọ́n wọlé kí n tó di gèlè mi tó tú. Mo dìde lórí àga. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dìde fún, mo ṣáà dìde ni, bí ẹni tí àwọn àgbà wọlé tọ̀ wá. Ó bá mi tún un ṣe pé bí mo bá kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ẹnì kan má máa rí àdírẹ́sì ẹnì kejì, nítorí mo sọ fún un pé àwọn kan wà nínú ẹbí tí wọ́n máa ń bínú sí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí kò bá wọn wọlé ni àpótí àlàyé. Òun kò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Èmi náà kò wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, nílé, mo tan ẹ̀rọ tuntun. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi láàárín ojú rẹ̀, ní Faransé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá: òun rí ẹni mọ́kànlá tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé mo fẹ́ kí òun so wọ́n pọ̀? Mo kà á lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ̀rọ tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé mi, ó ti mọ̀ pé ẹbí yìí ti tú ká! Ó ń bi mí bóyá kí òun so wọ́n pọ̀. Ta ni yóò gbọ́ irú ìbéèrè yẹn tí yóò sọ pé rárá? Mo ní "Bísímílà", mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà mo jókòó láti kọ̀wé sí Adúmáadán. Mo tẹ "Ọkọ mi" síbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ń gba ìwé sí. Ẹyọ kan ló jáde, àdírẹ́sì tó sì hàn lábẹ́ rẹ̀, ti Parakou ni, tirẹ̀ gan-an. Ọkàn mi balẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ọkọ mi, mo kí yín. N kò bínú, n kò sì wá bá yín rojọ́. Ìyá ń béèrè yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí ní ìgbà tí ẹ máa wá, mo sì parọ́ fún wọn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi ti mọ ara rẹ̀, ẹni tó jàre náà kò sì rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Sakété ní Sátidé. Ẹ má ra ohunkóhun. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ìyàwó yín."

Mo rán an. Mo bo ẹ̀rọ náà, mo lọ fọ ìkòkò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí iná tí ọkọ mi, ẹni tó gbé mi níyàwó, jáde wá sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀pẹ ló ń gbìn, bíi ti ọ̀pẹ náà ló sì ṣe máa ń dúró, láìsọ̀rọ̀. Ó dúró tì mí títí omi fi hó.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé o kò lè sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ni?"

"Kí ni?"

"Mo mọ̀ pé oṣù méjì rèé tí n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá. Mo mọ̀ ọ́n. Ojúmọ́ kan kò mọ́ kí n má sọ pé n ó lọ. Ṣùgbọ́n ká jọ sùn, ká jọ jí, kó o wá kọ̀wé sí mi bíi ti adájọ́..." Ó ti igi bọ iná. "N ó lọ ní Sátidé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gba fóònù náà, mo rí ìwé mi. Mo sáré wọlé, mo ṣí ẹ̀rọ, mo lọ wo ìwé tí mo rán. Àdírẹ́sì mọ́kànlá ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti so àwọn ọkọ mi pọ̀ lóòótọ́: ó ti sọ wọ́n di ènìyàn kan ṣoṣo tó ní ilé mọ́kànlá, ó sì ti jẹ́ ìwé mi dé gbogbo ilé náà.

Mo gun zẹ̀mijàn padà sọ́dọ̀ aláfọ́tòkópì láìdé gèlè. Mo ní kó bá mi fà á padà. Ó wò ó, ó mi orí.

"Tantí, ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Mo ní kó bá mi pa á rẹ́. Ó ní òun lè pa tèmi rẹ́, àmọ́ tiwọn ti wà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ń rò ó. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣọ́ra, tí mo ń fọwọ́ rọra tú okùn yìí, ẹ wo bí mo ṣe fi ìka kan ṣoṣo já a. Wọn yóò bi mí pé kí ló mú mi pè wọ́n. N ó sọ òótọ́. Ọkọ Àgbà yóò sì gbọ́ pé ìyàwó ilé ń kọ̀wé ní bòókẹ́lẹ́ sí ẹni tí òun ti ilẹ̀kùn mọ́.

N kò tíì délé tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ pè, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń tajà aṣọ ní Èkó. Mo gbé e, mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.

"Ìyàwó wa, ta ló sọ fún ẹ?" Ó ń sunkún. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú ẹrù lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin! Mo dé Àjàṣẹ́, mo tajà, mo padà. Mi ò yà kí ìyá. Ta ló rí mi?"

Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ń bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pè lọ nìyẹn. Èyí tó ń dáko ní Igana ní lóòótọ́ ni, òun bínú sí ìyá nítorí igi ọsàn kan tó ní kí òun gé, ohun tó sì ń dun òun jù ni pé igi náà ti kú fúnra rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó wà ní Kútọ̀nù ní òun kò mọ̀ pé ìyá mọ̀ pé òun ti parọ́ àìsàn lọ́jọ́ iléyá. Mi ò mọ ìkankan nínú rẹ̀! Mo kàn dúró pẹ̀lú fóònù létí, mo ń sọ pé "Mo gbọ́, ọkọ mi, mo gbọ́," ẹnu sì ń yà mí. Ìwé tí mo rán fún ẹnì kan, ó bá gbogbo wọn lára mu bíi fìlà tí a wọn orí wọn rán. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi ń gbọ́únjẹ fún àwọn ènìyàn yìí, n kò mọ̀ pé ohun tó wà níkùn wọn nìyẹn.

Ọkọ Àgbà ló pè kẹ́yìn. Sakété lòun ń gbé, àárín ìlú gan-an, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìyá ju ibi tí ènìyàn lè gbọ́ ìpè àdúrà lọ. Kò kí mi.

"Ìyàwó. Mo ti rí ìwé rẹ."

"Aláàjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí ìyá. Láràárọ̀. Mo ń kí i, mo ń kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti wọlé jókòó tì í gbẹ̀yìn." Ó tún ní, "O ní ẹni tó jẹ̀bi ti mọ ara rẹ̀. Mo ti mọ ara mi." Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí ju bí ó bá ṣe pé ó bú mi lọ.

Láti Parakou, n kò rí nǹkan kan gbà. Lọ́jọ́bọ̀, kò sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ṣí ẹ̀rọ náà bí ìgbà mẹ́wàá, kò sí. Mẹ́wàá tí n kò pè ti dáhùn, ẹyọ kan tí mo pè kò dáhùn.

Ní Sátidé, èmi àti ọkọ mi gun alùpùpù láti Pobè, a gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja sínú agbọ̀n. Nígbà tí a fi dé Sakété, ọkọ̀ Eyínfúnjowó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ó wò wá, a wò ó, bí àwọn olè mẹ́ta tó pàdé nínú oko kan náà.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Mo kàn ní kí n yà ni."

Àwa náà ní a kàn yà ni. Kò pẹ́, ará Igana yà pẹ̀lú àgbébọ̀ adìẹ méjì. Àwọn méjì láti Àjàṣẹ́ yà. Àwọn mẹ́ta láti Kútọ̀nù yà, ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹnì kankan kò sọ fún ẹnì kejì. Èyí tó wà ní Faransé pè sórí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé òun sétí ìyá. Nígbà tó yá, Ọkọ Àgbà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kọjá láàárín gbogbo wa, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní níbi tí ìyá wà. Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń kà wọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó dé orí ẹni tó wà nínú fóònù, ó fọwọ́ kan fóònù náà. Ó ní, "Mẹ́wàá." Ó gbé ọwọ́ padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwa ìyàwó dáná sí ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò ńlá ni a gbé ka iná nítorí èrò ti pọ̀. Ọkọ Àgbà ránṣẹ́ yá àga gbọọrọ wá láti mọ́sálásí, a tò wọ́n sábẹ́ igi. Àwọn ará àdúgbò tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìyá ń jẹ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ní ìgbà yẹn ni Eyínfúnjowó, tí kò lè pa nǹkan mọ́ra, sọ pé òun ì bá má wá bí kì í bá ṣe ìwé tí ìyàwó wa kọ sí òun.

"Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yin náà?" ni ará Igana wí.

"Èmi náà gbà á," ni ọkọ mi wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀nà mìíràn kò sí. Mo sọ ti ẹ̀rọ tuntun, mo sọ bó ṣe bi mí bóyá kí òun so wọ́n pọ̀, mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ̀wé sí nínú wọn. Ẹ̀rín kò pa ẹnikẹ́ni.

Ọkọ Àgbà ní, "Ta ni?"

"Ẹni tí kò sí níbí, Aláàjì."

Ó mọ ẹni tí mò ń wí. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Mo tẹ orí mi ba, mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni a ti gbọ́ igbe lẹ́nu ilẹ̀kùn ọgbà.

"Yéè! Ìyá mi! Ìyá mi o!"

Adúmáadán ni. Ó ti ṣubú sórí yanrìn. Orí rẹ̀ ti funfun díẹ̀, báàgì rẹ̀ ti já bọ́, ó ń lu ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi, nígbà tó sì yé mi, mo di ẹnu mi mú. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn pé ìyá rẹ̀ kú. A ó ní ara rẹ̀ kò yá. A ó ní ìyá ń béèrè rẹ̀, kó máa bọ̀, kó má ra nǹkan kan, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti kọ sínú ìwé mi, mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ó wá dé, ó bá ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá àga lábẹ́ igi, ó bá ìkòkò ńlá lórí iná àti gbogbo ọmọ bàbá rẹ̀ tí wọ́n dákẹ́. Kí ni ìbá tún béèrè?

Ohùn ìyá jáde láti ọ̀ọ̀dẹ̀, tòun ti ẹ̀kọ lẹ́nu.

"Ta ló kú?"

Adúmáadán dáwọ́ ilẹ̀ lílù dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ní ta ló kú? Ohùn ọmọ mi rèé. Ta ló pa á lẹ́kún?"

Mo ti rí ayọ̀ láyé mi, mo ti rí ìbẹ̀rù, n kò tíì rí ojú kan tí méjèèjì ti gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Adúmáadán gbé orí sókè. Orí eékún rẹ̀ ló fi rá wọlé, ó kọjá níwájú wa, títí orí rẹ̀ fi wà lábẹ́ ọwọ́ ìyá. Ìyá fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ pa á létí, ó fọwọ́ pa á lẹ́nu. Ó pe oríkì rẹ̀. Gbogbo wa ń sunkún, ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ ń sunkún sókè, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà.

Ọkọ Àgbà nìkan ni kò sí láàárín wa, ẹnu ilẹ̀kùn ọgbà ló wà. Ó ti lọ gbé báàgì tó já bọ́. Aṣọ kan ti yọ jáde nínú rẹ̀, funfun, a kò rán an, a ti gé e sí ọ̀nà márùn-ún, ìwọ̀n tí àwa Mùsùlùmí fi ń wé òkú obìnrin. Kì í ṣe ti ìjọ aláṣọ funfun. Ó ti lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń gé e lọ́dọ̀ ẹlẹ́sìn ìyá rẹ̀, kó lè sin ín bí ìyá ṣe fẹ́. Ọkọ Àgbà gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó tì í, èjìká kan èjìká.

Ìyá ní, "Kín ni ọmọ mi mú wá fún mi?"

Adúmáadán fẹ́ fi aṣọ náà pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá ti na ọwọ́. Ó gbà á, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ sórí itan, ó wọn ọ́n láti etí dé etí. Ìyá ti bá wọn wẹ òkú obìnrin ládùúgbò yẹn kí ojú rẹ̀ tó fọ́, kò sí bí kò ṣe ní mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó nípọn dáadáa," ni ìyá wí. "Ẹ bá mi pe télọ̀. Kó so ó pọ̀, kó fi rán bùbá fún mi. Kó má fún mi lápá o."

Ọkọ Àgbà ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe télọ̀, láìwọ bàtà.